Frit Bullseye, frit Oceanside àti gọ́ọ̀mù GlasTac: èwo ló yẹ kí ẹ rà, èwo lẹ lè fi sílẹ̀?

Nínú iṣẹ́ ọnà dígí yíyọ́, gọ́ọ̀mù kọ́ ló ń so dígí mọ́ dígí nínú iléru, ooru ni. Kí iléru tó gbóná dé nǹkan bíi 400°C, gọ́ọ̀mù tí ẹ fi to dígí wẹ́wẹ́ yín ti jóná tán, bẹ́ẹ̀ dígí fúnra rẹ̀ kì í rọ̀ títí ooru á fi kọjá 600°C. Láàárín méjèèjì, kò sí ohun tó di dígí náà mú ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ibi tó yẹ kí owó òun lọ: kí èyí tó pọ̀ lọ sórí dígí, kí ìwọ̀nba lọ sórí gọ́ọ̀mù. Ojú yẹn la fi yẹ ọjà mẹ́ta wò níbí, ìyẹn dígí rírún ti Bullseye, dígí rírún ti Oceanside, àti gọ́ọ̀mù GlasTac tí Bullseye ń ṣe, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tí àwọn èèyàn ń lò dípò wọn.

Ohun tó wà nínú ìgò

Frit ni àwọn oníṣẹ́ ń pe dígí tí wọ́n ti rún, tí wọ́n sì ti fi ajọ̀ jọ̀ sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí. Bullseye ń tà á ní ìsọ̀rí mẹ́rin. Lẹ́búlẹ́bú kò tó 0.2 mm. Kíkúnná wà láàárín 0.2 sí 1.2 mm. Agbedeméjì jẹ́ 1.2 sí 2.7 mm, oníkókó sì jẹ́ 2.7 sí 5.2 mm. Ẹ ka nọ́ńbà ara ìgò kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà àwọ̀ ló ń ṣíwájú: 001101 ni dígí gaara tí kò ní àwọ̀, 000113 ni funfun, 000100 ni dúdú. Èyí tó tẹ̀lé e ló ń sọ bí ó ṣe kúnná tó: 0001 ni kíkúnná, 0002 ni agbedeméjì, 0003 ni oníkókó, lẹ́búlẹ́bú sì ni 0008. Ẹni tó bá rò pé 0001 ló kéré jù lọ torí pé òun ló ṣíwájú á ra ohun tí kò ní lọ́kàn, torí lẹ́búlẹ́bú kò sí níbi tí èèyàn á ti wá a.

Oceanside ń lo lẹ́tà F. F1 ni lẹ́búlẹ́bú, F2 ni kíkúnná, F3 ni agbedeméjì, F5 ni oníkókó. Ilé iṣẹ́ Spectrum, tó wà ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣe dígí yìí tẹ́lẹ̀, lábẹ́ orúkọ System 96. Nígbà tí Spectrum ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2016, Oceanside gbà á, wọ́n sì kó iṣẹ́ náà lọ sí Tijuana ní Mẹ́síkò. Torí náà, ẹ ṣì lè bá ìgò tí orúkọ Spectrum wà lára rẹ̀ pàdé lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù àtijọ́. Ìdílé kan náà ni wọ́n, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 96; a ó sọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí láìpẹ́. Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni Bullseye ti ń ṣe tirẹ̀ láti 1974.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù láàárín àwọn méjèèjì kì í ṣe àwọ̀. Nọ́ńbà 90 ni Bullseye ń jẹ́, Oceanside ń jẹ́ 96. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí dígí ṣe ń fẹ̀ tó bó bá ń gbóná, àti bó ṣe ń súnkì tó bó bá ń tutù. Ẹ mú iṣẹ́ kan tó gùn ní 20 cm. Bó ṣe ń tutù láti 300°C bọ̀ sí ooru inú yàrá, ìyàtọ̀ súnkì láàárín 90 àti 96 kò tó 0.04 mm. Ojú kò lè rí i, àmọ́ dígí kì í tẹ̀, kì í sì í fà. Ohun tó bá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún á mú un sán ni, yálà nínú iléru, tàbí lórí tábìlì lọ́jọ́ kejì, tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí ẹ ti gbé e fún ẹni tó ni ín. Nítorí náà ẹ má ṣe pò wọ́n, kódà bó jẹ́ ẹ̀kún ṣíbí kan péré. Dígí fèrèsé náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó wà ní nǹkan bíi 85, kò sì bá èyíkéyìí nínú wọn mu. Àwọn tó máa ń da frit olówó iyebíye sórí dígí fèrèsé torí pé dígí fèrèsé kò wọ́n ń fi owó náà ṣòfò ni.

Èwo wá ni ká rà? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Bullseye la máa ní kó rà, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ nítorí ìwé tó ń bá a rìn. Wọ́n kọ tábìlì bí a ṣe ń mú dígí tutù sílẹ̀ fún oríṣiríṣi ìnípọn, wọ́n sì sọ àwọ̀ wo ló ń bá àwọ̀ wo jà. Ìmọ̀ yẹn tó ìlàjì ọjà náà. Oceanside rọ̀ díẹ̀ jù ú lọ: ó ń yọ́ pátá ní nǹkan bíi 796°C, nígbà tí Bullseye ń fẹ́ 804°C. Ó sì dára fún ẹni tó ń fẹ́ dígí lẹ́nu ọ̀pá pẹ̀lú, torí 96 ni ọ̀pọ̀ dígí àwọn afẹ́dígí. Bí dígí pẹlẹbẹ tó wà nílé yín bá ti jẹ́ 96, ẹ dúró síbẹ̀. Kò sí àǹfààní kankan nínú níní ìdílé méjì nínú yàrá iṣẹ́ kan, àfi wàhálà.

Bí ó ṣe kúnná tó ló ń pinnu bí iṣẹ́ á ṣe rí

Ibí yìí lọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣì í. Wọ́n á ra àwọ̀ ogún ní ìsọ̀rí kan ṣoṣo, wọn ò ní mọ̀ pé àwọ̀ kan náà ní ìsọ̀rí mẹ́rin lè dà bí àwọ̀ mẹ́rin.

Gbogbo èérún dígí ló ní afẹ́fẹ́ láàárín òun àti ìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe kéré tó ni àlàfo náà ṣe ń pọ̀ tó. Bí ẹ bá da dígí gaara kíkúnná nípọn tí ẹ sì yọ́ ọ, kò ní gaara mọ́. Á kún fún ìléròrò afẹ́fẹ́ tíntìntín, á sì dà bí omi tí wọ́n kán wàrà sí. Oníkókó ló ń fi àlàfo ńlá sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà jáde, òun ló sì ń mọ́ jù. Fún ìdí yìí, bí ẹ bá ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú iṣẹ́ kọjá, bí èyí tí a ń gbé kọ́ sí ojú fèrèsé, oníkókó ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá ń ya àwòrán tó ní òjìji, tí àwọ̀ kan ń rọra dà sínú òmíràn, lẹ́búlẹ́bú ni, pẹ̀lú ajọ̀ kékeré tí ihò rẹ̀ kúnná. Agbedeméjì ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo wọn, òun la sì máa kọ́kọ́ rà. Ó tóbi tó kí ìka tàbí ṣíbí lè darí rẹ̀, ó kéré tó láti tẹ̀lé ìlà tí ẹ bá yà, bí ẹ bá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ra láìyọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ á máa dán bí iyọ̀ òkúta. Kíkúnná ni èyí tí a lè fo dá. Ohun tó ń ṣe, yálà lẹ́búlẹ́bú tàbí agbedeméjì lè ṣe é dáadáa jù ú lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ tó wà nínú ìgò. Dígí aláwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá máa ń ṣá tàbí rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú ìgò ju bí yóò ṣe rí lẹ́yìn iléru lọ, nítorí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan èérún ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ẹ bá ta omi díẹ̀ sí i lára nínú àwo funfun, ẹ ó rí àwọ̀ tó sún mọ́ òtítọ́. Àwọn pupa àti ọsàn kan tún wà tí kì í yọ àwọ̀ wọn àfi nínú iléru. Wọ́n lè wá láti ilé iṣẹ́ ní àwọ̀ tó ṣá, kí olùrà sì rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Ẹ̀yin tó fẹ́ pa àwọ̀ pọ̀, ẹ mọ̀ pé dígí tó ní kọ́pà nínú, bí àwọn aláwọ̀ ojú omi òkun, kì í bá dígí tó ní sọ́fọ̀ tàbí selenium gbé láìjà. Ọ̀pọ̀ ìyeyè, ọsàn àti pupa ló wà nínú èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti fara kanra, ìlà dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ máa ń hù. Nínú frit, ibi ìfarakanra pọ̀ gan-an, torí náà bí ẹ bá pò wọ́n nínú ife kan, gbogbo rẹ̀ lè di àwọ̀ ẹrẹ̀. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ lò ó láti fa ìlà, ó sì ń dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ègé kékeré.

Mélòó lẹ nílò?

Dígí wúwo ní nǹkan bíi gíráàmù 2.5 fún sẹ̀ǹtímítà kan lóròó, níbùú, nínípọn. Ìṣirò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó jẹ́ 10 cm sí 10 cm lórí dígí ìsàlẹ̀ tó nípọn ní 3 mm, tí ẹ fẹ́ kó di 6 mm lẹ́yìn yíyọ́, nílò gíráàmù 75. Èyí tó rí róbótó, tó fẹ̀ ní 15 cm, nílò nǹkan bíi 132. Ìgò gíráàmù 454 á tó fún iṣẹ́ onígun mẹ́rin kékeré yẹn lọ́nà mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fi bo ojú dígí lásán, gíráàmù 20 sí 40 ti tó fún ìwọ̀n kan náà.

Ìdí tí 6 mm fi ń jẹ jáde lẹ́nu wa ni pé ìnípọn tí dígí tó yọ́ pátá máa ń wá fúnra rẹ̀ nìyẹn. Bó bá kéré sí i, etí á fà wọlé, àárín á sì lè lu ihò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ṣàn jáde kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó nípọn jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan dí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

GlasTac àti àwọn tó ń bá a du ipò

Oríṣi méjì ni GlasTac. Èkíní ṣàn bí omi, ìkejì ki, Gel ni wọ́n ń pè é. Omi ni wọ́n fi pò wọ́n, wọ́n sì ń jóná láìfi nǹkan sílẹ̀ bí ẹ bá lò wọ́n níwọ̀nba. Èyí tó ṣàn yẹn dára, ṣùgbọ́n a ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe tí gọ́ọ̀mù funfun àwọn ọmọ ilé ìwé kò lè ṣe. Gọ́ọ̀mù funfun ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́rin, kí ẹ pò ó dáadáa, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tàbí ìgò tó ń kán tóótóó lò ó. Ẹni tí owó rẹ̀ bá mọ níwọ̀n lè fi GlasTac elómi sílẹ̀ láìkábàámọ̀.

Gel ni èyí tí a máa ní kí ẹ rà. Ó ń ṣe nǹkan méjì tí omi gọ́ọ̀mù kò lè ṣe. Àkọ́kọ́, ó ń gba èérún mọ́ra lórí ojú dígí tó ń yọ̀ láìṣàn lọ síbi tí ẹ kò fẹ́, torí náà etí àwòrán yín á mú. Ìkejì, ẹ lè pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú títí á fi ki bí ọṣẹ ìfọyín, kí ẹ kó o sínú ìgò ẹlẹ́nu tín-ín-rín, kí ẹ sì máa fi kọ ìlà tàbí lẹ́tà. Bí ẹ kò bá rí Gel, oje aloe vera tí kò ní àwọ̀ àti òórùn àtọwọ́dá sún mọ́ ọn fún iṣẹ́ kejì yìí, àmọ́ kò lágbára tó ọn nínú ìdìmú.

Gọ́ọ̀mù tó ń gan lójú ẹsẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́. Ó wúlò fún ègé ńlá kan tó fẹ́ yẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kán kan ṣoṣo. Kò dára fún frit rárá. Èéfín rẹ̀ ń ta ojú bó bá ń jóná, kò sì sí bí ẹ ṣe lè tún èérún tò lẹ́yìn tó bá ti gan. Oògùn tí wọ́n ń fọ́n sírun kó lè dúró náà wà, àwọn kan ń fi di lẹ́búlẹ́bú mú. Èyí tí ẹ ń fi ìka tẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó wà nínú agolo tó ń fẹ́ ẹ jáde tipátipá, torí agbára rẹ̀ á fẹ́ lẹ́búlẹ́bú yín dànù.

Epoxy kò wọ iléru láé. Iṣẹ́ tí a fi epoxy da dígí rírún pọ̀ lórí kánfáàsì tàbí pákó jẹ́ iṣẹ́ mìíràn pátápátá: kò nílò iléru, ó rọrùn, àmọ́ oòrùn ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú bọ́jọ́ ti ń gorí ọjọ́. Bí ọjà bá kọ ọ́ sára pé òun jẹ́ dígí yíyọ́, tí epoxy sì wà nínú rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè iléru wo ni wọ́n gbé e wọ̀.

Títò àti gbígbé wọ iléru

Ẹ fọ dígí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì fi aṣọ tí kì í rú nù ún. Ọ̀rá ìka ọwọ́ máa ń hàn lẹ́yìn iléru. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ sí apá kékeré kan, kí ẹ da frit sí i, kí ẹ duro ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí èyí tí kò lẹ̀ lè jábọ́ sínú àwo. Lẹ́yìn náà kí ẹ bọ́ sí apá tó kàn. Bí ẹ bá tẹ́ gọ́ọ̀mù sí gbogbo ojú dígí lẹ́ẹ̀kan náà, á gbẹ kí ẹ tó dé òpin. Bí ẹ bá ń lẹ ègé dígí ńlá mọ́ ìsàlẹ̀, etí ni kí ẹ kán gọ́ọ̀mù sí, kì í ṣe àárín. Gọ́ọ̀mù tó há sí àárín dígí méjì kò ní ọ̀nà tí èéfín rẹ̀ á gbà jáde. Á wú ìléròrò ńlá, tàbí kó fi àbààwọ́n eérú sílẹ̀ tí kò sí ohun tó lè mú un kúrò mọ́.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Omi tó bá kù nínú rẹ̀ á di oru gbígbóná, á sì ta èérún káàkiri inú iléru. Bí kò bá sí àyè, ẹ fi iléru sí 90°C fún wákàtí kan pẹ̀lú ìdérí tó ṣí díẹ̀. Ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára iléru gbọ́dọ̀ ṣí títí di 400°C kí èéfín gọ́ọ̀mù lè lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ dí i.

Ẹ má retí pé gọ́ọ̀mù á di frit mú lára ohun tó dúró lóòró tàbí tó dagun. Kó lè lẹ̀ lórí tábìlì kì í ṣe pé á lẹ̀ nínú iléru, a sì ti sọ ìdí rẹ̀ lókè. Ẹ yọ́ ọ ní pẹlẹbẹ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sínú àwo mọ́ọ̀dì ní iléru kejì.

Pẹpẹ iléru nílò ìwé ThinFire tàbí kí ẹ fi omi amọ̀ pẹpẹ kùn ún, kí ó sì gbẹ pátápátá. Frit tó bá já sórí pẹpẹ tí a kò kùn á di ara rẹ̀ títí láé.

Ooru

Fún Bullseye tó jẹ́ 6 mm tí ẹ fẹ́ kó yọ́ pátá, ìlànà yìí ló wọ́pọ̀: 222°C ní wákàtí kan títí dé 677°C, kó dúró níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí afẹ́fẹ́ lè jáde, 333°C ní wákàtí kan dé 804°C, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sáré sọ̀ kalẹ̀ sí 482°C, kó dúró fún wákàtí kan kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, 83°C ní wákàtí kan dé 371°C, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á, kí ẹ má sì ṣí i títí á fi tutù. Oceanside ń fẹ́ kí ìdúró ìbalẹ̀ ara yẹn jẹ́ 510°C.

Bí ẹ bá fẹ́ kí èérún hàn, kó kàn lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ni, 730 sí 760°C ni ibi tí ẹ ó ti máa wá a. Ní 690°C, èérún ṣì mú lójú, wọ́n kàn dì mọ́ra ni. Ní 760°C, wọ́n á rí róbótó. Iléru kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, ìyàtọ̀ 10°C láàárín iléru kan àti òmíràn kò jẹ́ tuntun, torí náà ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú awò ìdáàbòbò ojú kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà.

Ohun tó ń pa iṣẹ́ onífrit jù lọ ni ìtutù tó yá jù. Iṣẹ́ tí èérún kan ga sókè tí ibòmíràn sì fẹ́lẹ́ kì í tutù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka ibi tó nípọn jù, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì fi ìyẹn wo tábìlì. Iṣẹ́ tí ibi tó ga jù nínú rẹ̀ jẹ́ 9 mm, ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi 19 mm, torí òun ló sún mọ́ 18 jù nínú tábìlì: wákàtí mẹ́ta ní 482°C, 25°C ní wákàtí kan dé 427°C, 45°C ní wákàtí kan dé 371°C, 150°C ní wákàtí kan títí á fi tutù. Ó pẹ́, a gbà. Ṣùgbọ́n iná tó lọ sórí rẹ̀ kéré sí iye dígí tó máa fọ́. Ìgbóná rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ falẹ̀, 150°C ní wákàtí kan dé 540°C, torí òkìtì frit máa ń ṣíji bo dígí abẹ́ rẹ̀, tí etí tó hàn á sì ti gbóná ṣáájú.

Àbùkù àti ohun tó fà á

Ojú iṣẹ́ tó ṣú bàìbàì, tó rí gbágungbàgun lọ́wọ́, jẹ́ àmì pé ojú dígí ti ń di kírísítálì. Devit ni wọ́n ń pè é. Frit máa ń ṣe é ju dígí pẹlẹbẹ lọ nítorí ojú tó ní pọ̀, ìdọ̀tí àti ìyókù gọ́ọ̀mù sì máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ dín gọ́ọ̀mù kù, ẹ má jẹ́ kí iléru pẹ́ láàárín 700 sí 760°C nígbà tó bá ń tutù. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ ha ojú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ku lẹ́búlẹ́bú gaara fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ sì tún un yọ́.

Tóótóó dúdú lára funfun, irin ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì wọ́pọ̀ lára dígí tí èèyàn rún fúnra rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sán, ẹ fọwọ́ kan etí ibi tó sán. Bí etí náà bá rí róbótó, ìgbà tó ń gbóná ló ti sán, tí ooru sì wá yọ́ etí rẹ̀: ẹ dín ìgbóná kù. Bó bá mú bí abẹ, ìgbà tó ń tutù ni. Bí ìlà náà bá yí àwọ̀ kan ká geerege, àwọ̀ yẹn kò bá ìyókù mu.

Dígí tí ẹ rún fúnra yín

Ó ṣeé ṣe, ó sì ń dín owó kù bí ẹ bá ní àjẹkù dígí pẹlẹbẹ ìdílé kan náà. Ẹ kó àjẹkù náà sínú iléru dé 300°C, kí ẹ fi ẹ̀mú gígùn dà á sínú garawa irin tó kún fún omi tútù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ iléru àti awò ìdáàbòbò. Á sán wẹ́wẹ́ kálẹ̀, ọwọ́ díẹ̀ ló sì kù láti fi odó irin gún un. Ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fa mágnẹ́ẹ̀tì gba inú rẹ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí ẹ wá jọ̀ ọ́. Àmọ́ fún lẹ́búlẹ́bú, ẹ ra ti inú ìgò. Wàhálà rírún rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ, eruku rẹ̀ sì burú.

Ìgò ohun mímu náà ṣeé rún, bó bá jẹ́ ìgò kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ náà ti wá. Ìgò méjì tí àwọ̀ wọn jọra lè má bára wọn mu rárá.

Níbi gbogbo tí lẹ́búlẹ́bú bá wà, ẹ lo ìbòmú N95 tàbí èyí tó jù ú lọ, kì í ṣe aṣọ ìnujú tí a so mọ́ imú. Ẹ fi aṣọ tútù nu tábìlì, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Àwọ̀ pupa, ọsàn àti ìyeyè kan ní cadmium nínú, torí náà iṣẹ́ onífrit tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun kò yẹ fún oúnjẹ. Ìdọ̀tí á tún máa há sí àlàfo rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ ṣe lè dá ìgò tí kò ní orúkọ mọ̀

Èyí kò ná yín ní nǹkan tó pọ̀. Ẹ gé dígí gaara kan tí ẹ mọ ìdílé rẹ̀, 3 cm níbùú, 15 cm lóròó. Ẹ fi ìpín kékeré frit tí ẹ ń dán wò sí òpin kan, kí ẹ sì fi ègé dígí gaara kan náà sí òpin kejì. Ẹ yọ́ wọn pátá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù gẹ́gẹ́ bí ìlànà òkè yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká onífunfun kan, ẹ mú awò oòrùn onípólárààsì, kí ẹ yí i títí ojú kọ̀ǹpútà á fi ṣókùnkùn. Ẹ gbé dígí náà sí àárín. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn yí frit ká, ara dígí kò balẹ̀. Bó bá tàn yí ègé gaara náà ká pẹ̀lú, ìtutù iléru yín ló bàjẹ́, ẹ má tíì dá frit lẹ́bi. Bó bá jẹ́ frit nìkan, ẹ má ṣe lò ó pẹ̀lú ìdílé yẹn.

Gbogbo ìgò tí ẹ bá sì dá àjẹkù padà sínú rẹ̀, ẹ kọ 90 tàbí 96 sí ara ìgò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ìdérí, nítorí ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn. Èyí tó bá pò mọ́ra nínú àwo lásìkò títò, ẹ kó o sínú ìgò ọ̀tọ̀ tí ẹ kọ "àdàpọ̀" sí. Ìdílé kan náà ni kó wà nínú rẹ̀, ó sì dára fún ẹ̀yìn iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó máa rí i.